Omi tí ó Kọ̀ láti Tòrò ní Ouagadougou

Ìlú Ouagadougou, tíí ṣe olú-ìlú Burkina Faso, kò sí létí odò ńlá kankan. Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀ ju nǹkan bí oṣù márùn-ún lọ lọ́dún. Inú adágún tí a fi ìsédò mú dúró ni wọ́n ń tọ́jú omi sí de ọ̀gbẹlẹ̀. Mẹ́ta nínú irú adágún bẹ́ẹ̀ wà láàrin ìlú gan-an. Wọ́n sé ti Loumbila ní 1947. Omi ti Ziga, tí ó jìnnà tó nǹkan bí 50 kìlómítà, sì dé ìlú ní 2004. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀, amọ̀ pupa ni àgbàrá ń gbá wọnú wọn. Bí a bá bu omi náà sínú ìkòkò, iyanrìn yóò sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n pípọ́n omi kò ní kúrò, ìbáà ṣe ọ̀sẹ̀ kan. Èyí ya ni lẹ́nu, nítorí amọ̀ wúwo ju omi lọ. Ewu rẹ̀ kò sì kéré: àárín amọ̀ ni kòkòrò àrùn ń sá pamọ́ sí, tí kúlórínì kì í fi ráyè pa wọ́n.

Ní 1809, ọ̀mọ̀wé Reuss ní ìlú Moscow fi iná mànàmáná sínú omi tí amọ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì rí i pé amọ̀ náà ń rìn lọ sí apá pọ́sítíìfù. Èyí fi hàn pé iná négátíìfù wà lára eérún amọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní 1861 ni Thomas Graham, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ Scotland tí ó tún jẹ́ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ń rọ owó ní London, fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní orúkọ: kọ́lọ́ìdì, láti inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí ohun tí a fi ń lẹ nǹkan. Orúkọ náà kò bá amọ̀ inú omi mu tó bẹ́ẹ̀, nítorí àìlẹ̀mọ́ra gan-an ni ìṣòro rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ayé lẹ́nu.

Schulze ní Jámánì ní 1882, àti Hardy ní Cambridge ní 1900, fi hàn pé iyọ̀ lè mú kí irú eérún bẹ́ẹ̀ ṣù pọ̀. Ìdí rẹ̀ kò yé ni yékéyéké títí Derjaguin àti Landau ní Soviet (1941), àti Verwey àti Overbeek ní Netherlands (1948), fi ṣe ìṣirò rẹ̀. Agbára méjì ni ó wà láàrin eérún méjì tí ó fẹ́ pàdé: ọ̀kan ń fà wọ́n mọ́ra, èkejì ń tì wọ́n sẹ́yìn, nítorí irú iná kan náà ni ó wà lára àwọn méjèèjì. Ìfàmọ́ra kì í dé òkèèrè. Bí ìtìsẹ́yìn bá lágbára, wọn kì yóò sún mọ́ra tó láti lẹ̀; eérún kọ̀ọ̀kan yóò máa dá rìn, yóò sì kéré jù láti rì. Bí iyọ̀ bá wọ inú omi, ìtìsẹ́yìn yóò rọ. Wọn yóò ṣù, wọn yóò sì rì. Ìṣirò náà fi hàn pé ohun tí ó ní iná mẹ́ta, bí alúmínọ́mù, lè ṣe é pẹ̀lú nǹkan bí ìdá kan nínú 729 ti èyí tí ó ní iná kan ṣoṣo, bí irú ti inú iyọ̀ ọbẹ̀.

Àwọn ìyá ní ilẹ̀ Yorùbá ti ń ju álọ́ọ̀mù sínú omi kànga láìbéèrè lọ́wọ́ Schulze. Alúmínọ́mù inú rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́. Ó tún ń di nǹkan fúlẹ́fúlẹ́ bí òwú, tí ń kó amọ̀ bí àwọ̀n bí ó ti ń rì. Irú rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ omi ìlú ńlá ń lò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n Burkina Faso kò ní etíkun. Ojú irin láti Abidjan dé Ouagadougou ní 1954. Síbẹ̀, ẹrù tí ó bá ti òkun wá yóò rin nǹkan bí 1,000 kìlómítà, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó abúlé.

Àwọn obìnrin abúlé ní Sudan ní ọ̀nà mìíràn. Ní àwọn ọdún 1970, Samia Al Azharia Jahn ṣe àyẹ̀wò èso tí wọ́n ń gún sínú omi odò Náílì. Èso móríńgà ni. Àwọn Mossi ń pe igi náà ní arzan tiiga, igi párádísè, ewé rẹ̀ sì wà nínú ọbẹ̀ wọn. Purotéènì kan wà nínú èso rẹ̀ tí ó ní iná pọ́sítíìfù. Òun ni ó ń lẹ̀ mọ́ amọ̀, tí ó sì ń so eérún pọ̀. Ní 2013, àwọn olùwádìí gbé àyẹ̀wò jáde lórí bí a ti lè lò ó fún omi Burkina Faso. Àléébù rẹ̀ ni pé ìyókù èso náà ń dúró nínú omi, kòkòrò sì ń rí i jẹ. Omi tí a bá fi móríńgà mú tòrò kò dára láti pamọ́ ju ọjọ́ kan lọ. Ilé-iṣẹ́ omi ìlú, tí omi rẹ̀ ń dúró pẹ́ nínú àgbá àti páìpù, kò lè tipa bẹ́ẹ̀ fi álọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní kánkán. Obìnrin abúlé tí ń pọn omi lójoojúmọ́ ni èso náà bá lára mu jù.