Nígbà tí aago inú kọ̀ǹpútà kò fẹnu kò

Ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 1905, wọ́n dá aago Èkó padà sẹ́yìn. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, oòrùn orí Èkó ni wọ́n fi ń ka aago níbí, ó sì fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 35 ṣáájú ti Greenwich. Ní 1908, wọ́n padà sí ti oòrùn. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1914, ọdún tí Lugard so Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá, wọ́n sún un síwájú Greenwich ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919 la tó bọ́ sórí wákàtí kan tí à ń lò títí dòní. Láàárín ọdún 14 péré, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n yí aago kan ṣoṣo!

Bí ìlú kọ̀ọ̀kan bá ń ka aago tirẹ̀, kò sí wàhálà, àfi ọjọ́ tí rélùwéè bá so wọ́n pọ̀. Oòrùn Maiduguri fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 39 ṣáájú ti Èkó. Aago ta ni ọkọ̀ ojú irin yóò tẹ̀ lé?

Kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux ní Gbàgádà gbé ìtàn yìí dání: àyípadà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú fáìlì Africa/Lagos rẹ̀. Àmọ́ irú ìjà kan náà ti wáyé nínú prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, èyí gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Ní 1993, Intel fi òǹkà kan sínú Pentium, wọ́n pè é ní TSC. Láti ìgbà tí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ ló ti ń ka gbogbo ìlù ọkàn prósẹ́sọ̀. Àwọn tó ń kọ ètò fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí kíkà rẹ̀ yá. Prósẹ́sọ̀ kan, òǹkà kan, kò sẹ́ni tí wọ́n máa bá jiyàn. Ìgbà tó di 2005, Intel àti AMD bẹ̀rẹ̀ sí í ta prósẹ́sọ̀ alápá méjì fún kọ̀ǹpútà ilé, core méjì lórí ẹyọ kan, core kọ̀ọ̀kan sì ní òǹkà tirẹ̀. Nínú Athlon 64 X2 ti AMD, bí core kan bá sinmi láti dín iná kù, òǹkà rẹ̀ náà á sinmi, èkejì á máa bá eré lọ. Windows tàbí Linux sì lè gbé ètò láti orí core kan sí èkejì láìsọ fún un.

Ó dà bí kí èèyàn wọ danfo ní Gbàgádà ní aago mẹ́jọ àbọ̀, kó sọ̀ ní Yábàá ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé irọ́ ni.

Géèmù ń fò, ó ń sáré àsápajúdé. Nínú Windows, ping ń sọ pé èsì dé kí ìbéèrè tó lọ! AMD gbé Dual-Core Optimizer jáde láti mú àwọn òǹkà náà dọ́gba. Àwọn mìíràn fi /usepmtimer sínú boot.ini, kí Windows lè máa wo aago orí motherboard. Àwọn kan tilẹ̀ so géèmù mọ́ core kan ṣoṣo. Ọgbọ́n yẹn ṣiṣẹ́ o, àmọ́ kí ni wọ́n wá ń fi èkejì ṣe?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ géèmù nìkan. Bí ètò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó jáde kó tó wọlé, ta ni yóò gba àkọsílẹ̀ yẹn gbọ́?

Ní ti Linux, fáìlì tí ẹ máa kọ́kọ́ wò ni /sys/devices/system/clocksource/clocksource0/current_clocksource. Bí ẹ bá bá hpet níbẹ̀ dípò tsc, ẹ wo dmesg. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé Linux ti kéde pé TSC kò ṣeé fọkàn tán. HPET jẹ́ ẹyọ kan tí gbogbo core jọ ń wò, nítorí náà kò sí ìjà. Àmọ́ ìta prósẹ́sọ̀ ló wà, kíkà rẹ̀ sì ń falẹ̀ ju ti TSC lọ dáadáa. Ètò tó ń wo aago ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan á mọ̀ ọ́n lára.

Látìgbà tí Intel ti gbé Nehalem jáde ní 2008, òǹkà náà kì í dúró mọ́, kì í sì í yára tàbí kó falẹ̀ bí core bá ń sinmi. Síbẹ̀, Linux kì í gbà á gbọ́ lásán. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí, ó máa ń mú core méjì, á ní kí wọ́n máa ka òǹkà wọn tẹ̀ lé ara wọn. Bí èyí tó kà kẹ́yìn bá mú nọ́mbà tó kéré sí ti èyí tó ṣáájú wá, ó lè parí fún TSC nìyẹn.