Ọkùnrin Tó Ń Ka Átọ́ọ̀mù Lábẹ́ Ilẹ̀

Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ South Dakota ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Lead. Láti ọdún 1876 ni wọ́n ti rí wúrà ní agbègbè náà. Ibi ìwakùsà tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Homestake, jìn púpọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1965, àwọn awakùsà gbẹ́ yàrá ńlá kan sínú àpáta níbẹ̀, ní ìwọ̀n 1,478 mítà sísàlẹ̀. Kì í ṣe wúrà ni wọ́n ń wá lọ́tẹ̀ yìí. Táǹkì ni wọ́n fẹ́ kọ́ sínú rẹ̀, oògùn ìfọṣọ ni wọ́n sì fẹ́ rọ kún táǹkì náà, irú èyí tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń fọ kóòtù tí wọn kì í fẹ́ kí omi kàn. Tọ́ọ̀nù 615 ni oògùn náà. Ẹni tó ni iṣẹ́ náà ni Raymond Davis, onímọ̀ kẹ́mísìrì láti ilé-iṣẹ́ ìwádìí Brookhaven ní New York. Ohun tó ń wá kò ju átọ́ọ̀mù mélòó kan tí ènìyàn lè fi ẹnu kà lọ.

Nígbà tí olùkọ́ wa kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí ní kíláàsì, ẹ̀rín ni a rín. Ẹnì kan tilẹ̀ béèrè bóyá wúrà ti tán níbẹ̀ ni wọ́n fi wá iṣẹ́ míràn ṣe.

Kí ó tó lè yé wa ìdí tí ènìyàn fi ní láti lọ sábẹ́ ilẹ̀ kí ó tó ka átọ́ọ̀mù, a ní láti mọ̀ pé ayé tí à ń gbé kò dákẹ́ rárá. Àwọn átọ́ọ̀mù kan wà tí wọn kò lè dúró jẹ́ẹ́. Bó pẹ́ bó yá, wọ́n á fọ́, wọ́n á sì ta ìtànṣán síta. Wọ́n wà nínú òkúta, nínú búlọ́ọ̀kù tí a fi kọ́lé, nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Nínú ara àgbàlagbà kan ṣoṣo, iye tó ń fọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ju 4,000 lọ, a sì ń jẹ, a ń sùn. Ìyá mi kò gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n lọ fọ abọ́.

Èyí tó ń bọ̀ láti òkè tún wà lọ́tọ̀. Ní ọdún 1912, Victor Hess, ará Ọ́síríà, wọ bálúùnù ńlá lọ sókè ju kìlómítà márùn-ún lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn ìtànṣán. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà ni pé inú ilẹ̀ ni gbogbo ìtànṣán ti ń wá, nítorí náà ó yẹ kó máa dín kù bí ènìyàn bá ti ń gòkè. Hess rí i pé ńṣe ló ń pọ̀ sí i nígbà tó gòkè gan-an. Láti ìta ayé ni wọ́n ti ń rọ̀ lù wá, tọ̀sán tòru, òrùlé kò sì lè dá wọn dúró. Àpáta tó nípọn gan-an nìkan ló lè dá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn dúró. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo fọ́ láàárín gbogbo èyí dà bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá àgbà tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní àárín ọjà Bódìjà. Ó ní láti gbé ìyá àgbà kúrò nínú ọjà ni.

Kí ni Davis fẹ́ gbọ́? Oòrùn ni. Inú oòrùn ni háídírójìn ti ń para pọ̀ di hílíọ́mù, èyí sì ni iná tó ń mú wa móoru. Bó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń tú ohun bíńtín kan jáde tí wọ́n ń pè ní nútírínò. Wolfgang Pauli ló kọ́kọ́ dábàá ní ọdún 1930 pé ó gbọ́dọ̀ wà. Ní ọdún 1956 ni Reines àti Cowan tó rí i dájú. Nútírínò kì í fọwọ́ kan nǹkan. Iye tó ń ti inú oòrùn wá gba inú èékánná àtàǹpàkò wa kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ju bílíọ̀nù 60 lọ, a kò sì mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1946, Bruno Pontecorvo ti sọ ọgbọ́n kan: bí nútírínò bá ṣèèṣì kọlu átọ́ọ̀mù kílórínì, kílórínì náà lè di ágọ́nì, ágọ́nì yìí sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọn kì í dúró jẹ́ẹ́. Bí a bá kó 100 rẹ̀ jọ lónìí, lẹ́yìn ọjọ́ 35 yóò ku bíi 50. Kílórínì pọ̀ nínú oògùn ìfọṣọ, oògùn náà kò sì wọ́n.

Bí Davis ṣe bọ́ sínú ọ̀rọ̀ nútírínò gan-an dùn mọ́ mi. Nígbà tó dé Brookhaven ní ọdún 1948, ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí òun ṣe. Ọ̀gá náà ní kó lọ sí ilé-ìkàwé, kó kàwé, kó sì fúnra rẹ̀ yan iṣẹ́ kan. Ìwé nípa nútírínò ló bá pàdé níbẹ̀. (Ọ̀gá tó bá sọ irú èyí fún wa nílé-ẹ̀kọ́, ìbùsùn ni a ó gbà lọ.)

Iṣẹ́ táǹkì náà gba sùúrù. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún bí oṣù méjì kí ágọ́nì lè kóra jọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fẹ́ gáàsì hílíọ́mù gba inú oògùn náà kọjá kó lè gbá ágọ́nì jáde. Wọ́n á mú un pẹ̀lú èédú tí wọ́n ti sọ di tútù ju yìnyín lọ fíìfíì, wọ́n á wá tì í sínú páìpù bíńtín kan tó ń ka ìtànṣán, èyí tí kò tó oríkèé ìka. Wọ́n á máa ṣọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Átọ́ọ̀mù kan lè fọ́ lónìí, kó sì tó ọjọ́ mélòó kan kí òmíràn tó fọ́. Wọ́n tún rọ omi yí táǹkì náà ká, kí ohun tó ń jáde láti ara àpáta má baà da iṣẹ́ rú. Àwòrán kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ya Davis nígbà tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi yẹn, nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ní ọdún 1968, ó gbé èsì rẹ̀ jáde, ìjà sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Bahcall ló ṣírò iye tó yẹ kó rí. Ohun tí Davis rí kéré sí i gan-an. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó dúró sí nǹkan bí átọ́ọ̀mù kan ní ọjọ́ méjì, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta iye tí Bahcall sọ. Àwọn onímọ̀ oòrùn ní Davis ló ṣì kà á. Àwọn mìíràn ní Bahcall ni kò mọ oòrùn.

Níbí ni mo ti ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ní sáà tó kọjá, a ṣe ìdánwò títíréṣọ̀n nínú láàbù, níbi tí a ti ń kán ásíìdì sínú álíkálì títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà. Gbogbo àwọn tó jókòó lọ́dọ̀ mi rí nǹkan bíi 24. Èmi rí 19.60. Mo tún un ṣe, ó jẹ́ 19.70. Ọ̀rẹ́ mi wò mí, ó ní, "Kọ 24 jàre, aago ti fẹ́ lù." Mo kọ 24.10. Wọ́n fún mi ní máàkì tó pé. Títí di òní, n kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú búrẹ́ẹ̀tì mi.

Davis náà lè kọ 24. Kò sí ẹlòmíràn tó ní irú táǹkì yẹn, kò sì sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó ṣe ni pé ó ń dán ara rẹ̀ wò. Ó fi átọ́ọ̀mù ágọ́nì tó mọ iye rẹ̀ sínú táǹkì láti wò ó bóyá òun yóò rí wọn kó jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo wọn tán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún páìpù tó ń kà á ṣe kí ó lè dára sí i. Iye náà kò yí padà. Nígbà tó fẹ̀yìntì ní Brookhaven ní ọdún 1984, ó gbé iṣẹ́ náà lọ sí Yunifásítì Pennsylvania, ó ń bá a lọ. Láti ọdún 1967 sí 1994, gbogbo átọ́ọ̀mù tó mú kò ju nǹkan bí 2,000 lọ. Ẹ rò ó wò ná: wọn kò lè kún orí abẹ́rẹ́, síbẹ̀ bí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi kó wọn jọ.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ti èyí, kò sí ẹni tó purọ́. Ní ọdún 1989, àwọn ará Japan ní ibi ìwakùsà Kamioka rí i pé nútírínò tó ń bọ̀ láti inú oòrùn kéré lóòótọ́. Ní ọdún 2001 àti 2002, ilé-ìwádìí Sudbury ní Kánádà, tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà méjì lábẹ́ ilẹ̀, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn nútírínò, tí irú wọn jẹ́ mẹ́ta, máa ń yí láti irú kan sí òmíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Irú kan ṣoṣo ni táǹkì Davis lè mú. Bahcall ṣírò dáadáa, Davis náà kà dáadáa, ohun tí wọ́n ń kà ló pa aṣọ dà lójú ọ̀nà. Davis gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn ní ọdún 2002, nígbà tó ti di ẹni ọdún 88. Ó kú ní ọdún 2006.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti le sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Gran Sasso ní Ítálì, níbi tí àpáta 1,400 mítà ti bo ilé-ìwádìí mọ́lẹ̀, òjé ni wọ́n fi ń dí ẹ̀rọ kí ìtànṣán má baà wọlé, irú òjé tí àwọn olóbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Ṣùgbọ́n òjé tuntun náà ní ìtànṣán tirẹ̀ nínú, tó máa ń dín kù sí ìdajì ní bí ọdún 22 sí ara wọn. Wọ́n wá lọ gba òjé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Róòmù, tó ti rì nítòsí erékùṣù Sardinia láti bí ọdún 2,000 sẹ́yìn. Ní ọdún 2010, búlọ́ọ̀kù 120 dé Gran Sasso. Wọ́n gé apá tí àwọn ará Róòmù kọ nǹkan sí kúrò kí ó lè wà ní ìpamọ́, wọ́n sì yọ́ ìyókù.

Homestake kò wa wúrà mọ́ láti ọdún 2002. Ilé-ìwádìí ló wà níbẹ̀ báyìí, yàrá tí táǹkì Davis wà tẹ́lẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní LUX-ZEPLIN ló wà nínú rẹ̀, tó ń wá ohun kan tí kò tíì sí ẹni tó rí i rí, tí wọ́n gbà pé ó pọ̀ nínú àgbáyé. Kí wọ́n tó tò ó, wọ́n kọ́kọ́ yẹ irin àti àwọn ohun èlò tí wọ́n fẹ́ lò wò, kí wọ́n lè mọ bí ìtànṣán inú wọn ti kéré tó. Ní ọdún 2022 ni èsì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Wọn kò rí nǹkan kan, ohun tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ náà nìyẹn.