Ààrò Mẹ́ta Lẹ́yìn Odi: Oúnjẹ Tí Àwọn Bàbá Wa Dán Wò Lójú Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó lọ pàgọ́ sùn nítòsí omi Gurara lásìkò ọlidé Iléyá ló jẹ́ kí n kọ èyí. Gbogbo wa la rí fọ́tò oúnjẹ wọn. Wọ́n fi òkúta mẹ́ta ṣe ààrò, wọ́n sun iṣu nínú ẹ̀yinná, wọ́n fi yàjì àti òróró pa á lára. Wọ́n tún po ìyẹ̀fun ẹ̀wà mọ́ kúlíkúlí lílọ̀, wọ́n dín in bí àkàrà.

Bàbá wa kan bínú. Wọ́n ní, "Oúnjẹ wo nìyẹn? Ilẹ̀ àjèjì ti gba àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́ wa." Mo mọ ohun tó ń ba bàbá lẹ́rù. Èmi náà bí ọmọ tó jẹ́ pé Hausa ló máa kọ́kọ́ sọ sí mi kó tó rántí Yorùbá. Ṣùgbọ́n ní ti oúnjẹ, ìtàn ò gbè wọ́n. Kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má bínú sí mi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó ogun. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, kọ ọ́ síbẹ̀ pé láyé àtijọ́, ẹ̀wà yíyan àti àkàrà líle kan tí wọ́n ń pè ní àkàrà-kuru làwọn ọmọ ogun ń jẹ lójú ọ̀nà. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà àti ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀yin náà rò ó wò: ta ló fẹ́ jókòó lọ ata lójú ogun? Oúnjẹ gbígbẹ kì í tètè bàjẹ́, kò sì wúwo nínú àpò.

Nígbà tó di ogun Kírìjì, ibùdó fúnra rẹ̀ di ìlú. Ọdún 1877 ni ogun yẹn bẹ̀rẹ̀, ó sì di 1893 kó tó parí pátápátá. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n dá oko. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì kó tó parí. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò ní kọ́ oúnjẹ tuntun ni?

Ẹ wá tún wo àkàrà-kuru yẹn dáadáa. Ẹ̀wà jẹ́ tiwa tipẹ́tipẹ́. Àgbàdo ńkọ́? Láti Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn tí àwọn Òyìnbó débẹ̀ ní 1492. Ibẹ̀ náà ni ata, ẹ̀pà àti ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí ti wá. Àlejò ni ìdajì oúnjẹ ogun àwọn bàbá ńlá wa! Ẹnì kan ló kọ́kọ́ dán an wò. Bóyá àgbàlagbà kan jágbe mọ́ òun náà.

Lẹ́yìn ogun ni ojú irin dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láti Èkó ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Òmíràn ń bọ̀ láti Baro lọ sí Kano. Minna wa níbí làwọn méjèèjì ti pàdé, ìjọba sì da ilé iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ ní 1912. Inú àgọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà làwọn òṣìṣẹ́ ń sùn, àwọn oníṣòwò wa sì ń tẹ̀ lé wọn. Ẹni tí irú tó gbé láti ilé bá ti tán, dàdàwá ló máa rà. Èso igi kan náà sì ni.

Bàbá mi, tó ń ta obì, máa ń sọ ìgbà tí ọkọ̀ wọn dẹnu kọlẹ̀ lẹ́bàá Mokwa. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi sùn sí etí títì. Nupe kan ní ẹja gbígbẹ, dírẹ́bà tó jẹ́ Hausa ní kúkà, bàbá mi ní èlùbọ́. Wọ́n fi ìkòkò kan ṣoṣo sè é, wọ́n sì jọ jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n délé, àwọn ni wọ́n kọ́ ìyá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú, ní ọbẹ̀ kúkà tí àwọn ará Ìlọrin ń pè ní lúrú. Ọbẹ̀ yẹn la jẹ dàgbà.

Torí náà, oúnjẹ kọ́ ló ń sọnù. Ohun tó ń sọnù ni orúkọ àti ìtàn. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà pé kí ni à ń pe ẹ̀yinná. Kò mọ̀ ọ́n. Iná tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá o! Ẹjọ́ ta ni? Tiwa ni, torí a ò sí níbẹ̀.

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí wọ́n bá tún fẹ́ lọ, kí àgbàlagbà méjì tẹ̀ lé wọn, kí bàbá tó bínú jẹ́ ọ̀kan. Kí wọ́n jókòó ti iná, kí wọ́n kọ́ wọn ní àkàrà-kuru, káwọn ọmọ náà fún wọn ní iṣu oníyàjì tọ́ wò. Èmi á gbé kóńgò ẹ̀wà mẹ́ta àti àgbàdo méjì sílẹ̀. Ta ló máa mú òróró wá?