Kí La Ó Pe Kọ́ńpìnnì Tí Kò Nílé, Tí Kò Níṣẹ́?

"Ilé-iṣẹ́" ni ìròyìn Yorùbá sábà máa ń pe irú kọ́ńpìnnì bẹ́ẹ̀, àṣìpè sì ni. Nígbà tí Panama Papers, ìyẹn ìwé àṣírí àwọn agbẹjọ́rò Mossack Fonseca ní Panama, tú síta ní 2016, a rí i pé kọ́ńpìnnì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà wọn lé ní 200,000, ó sì ju ìdajì wọn lọ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní British Virgin Islands. Ọ̀pọ̀ wọn kò gba òṣìṣẹ́ kankan. Ibo nilé wọn wà? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?

Àwọn kan lè fẹ́ pè é ní kọ́ńpìnnì ìkarahun, torí "shell company" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. N kò gbà. Ara ìgbín ni ìkarahun ti ń hù, inú rẹ̀ ni ìgbín sì ń gbé. Òfìfo náà kò bá a mu, torí ilé olówó ńlá ní London tàbí àkáǹtì báńkì lè wà lórúkọ rẹ̀. "Kọ́ńpìnnì orí ìwé" ló tọ́ lójú mi. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa ọ̀nà tí wọ́n ti ṣe tán lórí ìwé, tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, kò nílò àlàyé.

Ká má sì dà á pọ̀ mọ́ orúkọ okòwò. Aránṣọ tó forúkọ okòwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ okòwò àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kò tíì bí ẹlòmíràn: òun àti okòwò rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀kan lójú òfin, gbèsè ṣọ́ọ̀bù gbèsè rẹ̀ ni. Kọ́ńpìnnì ló ń dá dúró bí ènìyàn, bí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Ìlú Ọba ṣe fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1897 nínú ẹjọ́ Salomon. Inú àlàfo tó wà láàárín kọ́ńpìnnì àti ẹni tó ni ín ni ìfarapamọ́ ti ṣeé ṣe.

Ìgbésẹ̀ àtidá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ kò le. Wọ́n á gba orúkọ sílẹ̀, wọ́n á kọ àdírẹ́sì, wọ́n á dárúkọ adarí àti onípìn-ín, wọ́n á sanwó. Ní Ìlú Ọba, pọ́n-ùn 12 péré ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó di 50 ní oṣù Karùn-ún 2024. Ẹni tí kò lè dúró lè ra èyí tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀: kọ́ńpìnnì orí àtẹ. Ibi tí owó ti ń pọ̀ ni ti ẹni tó ń fi orúkọ tirẹ̀ bo orúkọ oníǹkan, ìyẹn ẹni tó ni kọ́ńpìnnì gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe onítọ̀hún ní aṣojú, torí ojú gbangba ni aṣojú ti ń ṣojú ẹni. Ayánilórúkọ ni, bí a ṣe ń pe ẹlòmíràn ní ayánilówó.

Ó wá ku oníǹkan fúnra rẹ̀. Àwọn kan á pè é ní "ajèrè", ṣùgbọ́n gbogbo onípìn-ín ló ń jèrè. Ìkáwọ́ ni CAMA, òfin kọ́ńpìnnì Nàìjíríà ti 2020, ń wá: ẹni tó ní ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 ìpín tàbí ìbò, tàbí tó lágbára láti yan ọ̀pọ̀ adarí. Ẹ wo àpẹẹrẹ kọ́ńpìnnì Malabu: ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó forúkọ sílẹ̀ ní 1998 ló gba bulọ́ọ̀kì epo OPL 245, nígbà tí Dan Etete jẹ́ mínísítà epo ní Nàìjíríà. Ọdún 2013 ni adájọ́ kan ní London tó sọ pé Etete ní ìpín ńlá níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí fọ́ọ̀mù Yorùbá bi olúkúlùkù nìyí: "Ìkáwọ́ ta ni kọ́ńpìnnì yìí wà?"