Gígùn Orin àti Àǹfààní Rédíò: Ọ̀ràn Sunny Adé, Ọmọ Ọba Oǹdó

Ìwọ̀n ìṣẹ́jú 3 ni ojú kan àwo kékeré sábà ń gbà. Inú ìwọ̀n yìí ni I. K. Dairo kó orin jùjú rẹ̀ sí, ó sì rọrùn fún rédíò láti lò. Àwo ńlá ló yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tí Sunny Adé kúrò ní African Songs ní 1974, tí ó dá Sunny Alade Records sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni àṣẹ bọ́ sí. Orin rẹ̀ a máa gba odindi ojú àwo, bí ìṣẹ́jú 20, láìdá ìlù dúró. Òde àríyá ni irú èyí bá mu, kì í ṣe rédíò.

Island Records gbé Juju Music jáde ní 1982, ṣùgbọ́n wọ́n ké orin kúrú nítorí àwọn olùgbọ́ òkè òkun. Ìyìn pọ̀ (wọ́n tilẹ̀ yan Synchro System ti 1983 fún ìdíje Grammy), ọjà ni kò tó ìrètí. Lẹ́yìn Aura, 1984, àdéhùn tán. Àwọn kan pe èyí ní ìjákulẹ̀. Èrò náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó, nítorí pé ní ọdún wọ̀nyẹn kan náà, Sunny Alade Records ń gbé àwo olórin gígùn jáde nílé.