Walter Tull: Agbábọ́ọ̀lù Tottenham tó kú sójú ogun

Ní ìlú Arras ní ilẹ̀ Faransé, ògiri ìrántí kan wà tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ ogun tó lé ní 34,000 sí, àwọn tí wọ́n kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, tí a kò sì mọ ibojì wọn. Orúkọ Walter Tull wà lára wọn. Kí ogun tó dé, iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ni ọkùnrin yìí ń ṣe jẹun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aláwọ̀ dúdú sì ni, ní àsìkò tí irú wọn kò tó nǹkan lórí pápá. Lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni Arthur Wharton, aṣọ́lé tí wọ́n bí sí ìlú Accra ní ọdún 1865.

Ìlú Folkestone ni wọ́n ti bí Tull lọ́jọ́ 28, oṣù Kẹrin, ọdún 1888. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Daniel, bàbá rẹ̀, tó wá láti erékùṣù Barbados. Òyìnbó ọmọ agbègbè Kent ni Alice, ìyá rẹ̀. Ìyá kú ní 1895, bàbá sì tẹ̀ lé e ní 1897. Apá ìyàwó tí bàbá wọn fẹ́ gbẹ̀yìn kò ká àwọn ọmọ náà mọ́, ni Walter àti Edward ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá dèrò ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Bethnal Green, ní London. Nígbà tó yá, ìdílé kan gba Edward tọ́ ní Glasgow, ó sì di dókítà eyín. Walter kù síbẹ̀, ó ń kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀.

Ẹgbẹ́ Clapton ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún, láìgbowó. Ní 1909, Tottenham Hotspur fún un ní pọ́n-ùn 10 kó tó tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n sì ń san pọ́n-ùn 4 fún un lọ́sẹ̀, iye tó ga jù lọ tí òfin líìgì gbà wọ́n láyè láti san.

Ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Bristol ní oṣù Kẹwàá ọdún náà kì í ṣe kékeré. Àwọn òǹwòran kan bú u nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Oníròyìn kan tó wà níbẹ̀ fi ìbínú kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, ó ní Tull ló dára jù láàrin gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí Tottenham fi yọ ọ́ kúrò nínú ikọ̀ àkọ́kọ́. Ìdíje líìgì 10 péré ló gbá fún wọn, góòlù 2 ló sì jẹ. Ó ṣòro láti gbà pé ọ̀rọ̀ Bristol kò lọ́wọ́ sí i.

Northampton Town ni ìràwọ̀ rẹ̀ ti wá tàn. Herbert Chapman, tó di olùkọ́ni Arsenal lẹ́yìn náà, ló mú un lọ síbẹ̀ ní 1911, ó sì gbá ìdíje tó lé ní 100 fún wọn.

Nígbà tí ogun bẹ́, ó wọṣẹ́ ológun ní oṣù Kejìlá ọdún 1914, nínú ọ̀wọ́ ọmọ ogun Middlesex tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ariwo àgbá bà á lọ́kàn jẹ́ ní 1916 débi tí wọ́n fi dá a padà sílé, ṣùgbọ́n ó tún padà lọ sójú ogun Somme. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1917, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀gá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ológun Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú pàṣẹ fún òyìnbó. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé òun ni àkọ́kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀: George Bemand, ọmọ bíbí Jàmáíkà, ti gba irú ipò yìí ní 1915.

Ní Ítálì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1918, Tull kó ọmọ ogun 26 sọdá odò Piave lóru láti kọlu ọ̀tá, ó sì kó gbogbo wọn padà láìfarapa. Ọ̀gágun Lawford yìn ín nínú ìwé fún ìgboyà àti ìfarabalẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹta, ọdún 1918, nígbà tí àwọn Jámánì ya bo àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìbọn bà á nítòsí Favreuil. Ọmọ ọdún 29 ni. Tom Billingham, tó ti ṣe aṣọ́lé fún Leicester Fosse rí, gbìyànjú láti gbé e, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá ti sún mọ́ tòsí jù. Wọn kò rí òkú rẹ̀ mọ́.

Nínú lẹ́tà tí ológun kan kọ sí Edward, ó ní wọ́n ti dárúkọ àbúrò rẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ Military Cross. Àmì-ẹ̀yẹ náà kò dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò tíì fún un. Northampton ní tiwọn ti gbé òkúta ìrántí rẹ̀ kalẹ̀ ní pápá Sixfields láti ọdún 1999.