Desert àti Dessert
Lẹ́tà s kan ṣoṣo ló ya ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjèèjì yìí, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni orísun wọn. Desert, ìyẹn aṣálẹ̀, wá láti inú desertum èdè Látìnì, ohun tí a pa tì. Poušť ni àwọn Czech ń pè é. Dessert, ohun dídùn bíi kéèkì tí wọ́n ń jẹ kẹ́yìn oúnjẹ, wá láti inú desservir èdè Faransé: kíkó àwo kúrò lórí tábìlì. Ibi tó ti le gan-an fún ẹni tó ń sọ èdè Czech nìyí: dezert tí àwọn Czech ń wí, kéèkì ni, kì í ṣe aṣálẹ̀. Bí desert bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ó túmọ̀ sí kíkọ ènìyàn tàbí nǹkan sílẹ̀, opustit lédè Czech. Nígbà náà, bí wọ́n ṣe ń pe dessert gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pè é.